Amóhùn-fi-àwòrán-sílẹ̀

Amóhùnmáwòrán ni wọ́n ní ká máa pè é.
Tiwa ní Ìpẹ̀rù, lójúde Odùṣílé,
ohùn nìkan ló ń mú láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.
Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
orúkọ ilé iṣẹ́ rédíò nìkan
ló ń rìn lọ rìn bọ̀ níbẹ̀ bí èèrùn.

Bàbá mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.
Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló fi ta obì,
tó ń fi ewé tẹ́ agbọ̀n, tó ń dì í ránṣẹ́ sí Sábó Ṣágámù,
rédíò pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀
tó ń hó ṣáá bí epo tí omi ta sí.
"Ìròyìn ni mo fẹ́ gbọ́," ló wí, "n ò ra àkàrà."

Ni mo bá pe Ṣódípẹ̀ ẹlẹ́ríà.
Ó gbé àkàbà ti ògiri, ó gun páànù
tó ti dógùn-ún, tó pọ́n bí obì,
ó so irin ẹlẹ́ka méje mọ́ orí ọ̀pá,
ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń kígbe látòkè:
"Ó ti dé?"
"Kò tíì dé."
"Ẹ jẹ́ n kọjú ẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Ó ti dé?"
"Kò tíì dé o."
"Ìbàdàn ńkọ́?"

Ó dé.

Kò wọ́ dé, kò fà dé.
Ọkùnrin kan ṣàdédé wà ní pálọ̀ wa tó ń ka ìròyìn;
a gbọ́ èémí tó fà kó tó dárúkọ ìlú,
a gbọ́ bébà tó ṣí,
a gbọ́ itọ́ tó gbé mì.
Bàbá yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi Fẹ̀yíṣọlá wọlé, ó yanu:
"Ta ló tan tẹlifíṣọ̀n tí kò wò ó?"
"Mò ń wò ó," ni bàbá wí. "Etí ni mo fi ń wò ó."

Ṣùgbọ́n lóru ó ní, "Ó dára. Ó dára jù."
Ó dákẹ́ títí. "Ìyá rẹ ló máa ń bá mi di irin rẹ̀ mú."

Mo rántí. Efúnwùnmí, ìyá mi,
ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ́ríà rédíò pupa lọ́wọ́ òsì.
Bó bá dì í mú, ohùn á là;
bó bá jù ú sílẹ̀, epo á tún máa hó.
"Má kúrò níbẹ̀, wọ́n fẹ́ sọ iye obì ní Kánò."
"Ọbẹ̀ mi ń jóná."
"Jẹ́ kó jóná."
Ọbẹ̀ tó jóná nílé wa kò níye.

Ṣódípẹ̀ ti ṣàlàyé kó tó gbowó:
díjítà kì í ṣe bíi tàtijọ́
tó máa ń ṣàìsàn kó tó kú.
Bó bá wà, ó wà pérépéré;
bí kò bá sí, òfo.
Bàbá mi orí. "Mo ti rí irú ẹ̀ rí."
Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ìyá mi ń ka obì sínú agbọ̀n,
ó ka mẹ́wàá, ó ka mọ́kànlá.

Òjò rọ̀ lánàá. Ìjì yí ẹ́ríà kúrò lójú Ìbàdàn.
Ìkéde òkú ni wọ́n ń kà lọ́wọ́:
"Ó fi ọmọ méje sílẹ̀, àti..."
Wìì.
Mo ń wá bàtà kí n sáré pe Ṣódípẹ̀.
Ìgbà tí mo fi yíjú, bàbá ti dìde,
ó dúró sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n,
ó fi ìka mẹ́ta di wáyà mú,
kò fún un, kò jù ú sílẹ̀,
bí ẹni di ọwọ́ ẹlòmíràn mú.
"Ó ti dé?" ló bi mí.

Kò dé.
Mo ní, "Ẹ má kúrò níbẹ̀."